Wíńdò dé, kò wọlé: ẹ sọ tiyín

Ìyá Ìbejì Moniya
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti kọ́lé rí, ẹ bá mi dá sí i. Wíńdò méje ni mo ṣe fún ilé mi ní Moniya, wọ́n kó wọn dé lánàá. Ẹyọ kan ṣoṣo ló wọlé nínú méjèèje, ti ilé ìwẹ̀ sì ni. Mẹ́fà tó kù fara ti ògiri níta bí ọmọ tí wọ́n lé jáde ní kíláàsì. Ẹni tó ṣe wọ́n ní òun wọ̀n ọ́n dáadáa. Bíríkìlà ní ilé tóun kọ́ ò wọ́. Ta ni kí n mú? Ó ti ṣe ẹnikẹ́ni báyìí rí?

Bàbá Rìsíkà
Kí wọ́n tó rẹ́lé ló wọ̀n ọ́n àbí lẹ́yìn tí wọ́n rẹ́ ẹ tán?

Ìyá Ìbejì Moniya
Kí wọ́n tó rẹ́ ẹ. Ó ní kí n tètè sanwó kí àlùmíníọ̀mù má tún gbówó lórí.

Bàbá Rìsíkà
Ẹjọ́ ti parí.

Ọ̀gá Wíńdò Ṣàgámù
Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n bá yín sọ ọ́. Ihò tẹ́ ẹ ń wò lára búlọ́ọ̀kù kọ́ ni ihò tí wíńdò máa gbé. Ìrẹ́lé á jẹ tó mílímítà 15 lápá ọ̀tún, á jẹ 15 lápá òsì, bí ọwọ́ bíríkìlà bá sì wúwo, ó lè jẹ 20. Ihò tó jẹ́ 1200 ti di 1170 nìyẹn, wíńdò 1190 wá dúró síta, ó ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó bá tún lẹ táìsì sí ìsàlẹ̀ fèrèsé ti bù nínú gíga rẹ̀ náà.

Èmi o, bí ìrẹ́lé ò bá tíì gbẹ, mi ò ní yọ téèpù lápò. Bó bá gbẹ, màá wọn ìbú lẹ́ẹ̀mẹta: òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Màá wọn gíga lẹ́ẹ̀mẹta: ọ̀tún, àárín, òsì. Èyí tó kéré jù ni mò ń kọ sílẹ̀, màá yọ 10 nínú rẹ̀, silikọ́ọ̀nù á dí àyè tó kù. Lẹ́yìn náà màá na téèpù láti igun sí igun, lọ́nà méjèèjì. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, ihò wọ́ nìyẹn, mo sì máa ń pe onílé wá wò ó lójú ara rẹ̀ kó má bàa di wàhálà lọ́jọ́ iwájú.

Ṣẹ́gun Ọmọ Alágbàáà
Àgbà kì í wà lọ́jà kí ihò fèrèsé tuntun wọ́.

Mọlará Ọ̀tà
Ìyá Ìbejì, ẹ pẹ̀lẹ́, tiyín sàn. Ní tèmi, wọ́n ti rẹ́lé tán, ó ti gbẹ, síbẹ̀ kò wọlé. Ọkọ mi ò sí nílé, ó ní kí n lọ wọn ihò fèrèsé pálọ̀. Mo yá téèpù kápẹ́ńtà, èmi àti àbúrò mi obìnrin la jọ dì í mú, òun lọ́wọ́ kan, èmi lọ́wọ́ kan, oòrùn ń pa wá. Ó jẹ́ 1210 géérégé. Mo yọ 10 bí wọ́n ṣe sọ, ó di 1200. Inú mi dùn. Mo délé ẹni tó ń ṣe wíńdò, ó ní mélòó, mo ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin. Ṣé kì í ṣe bí gbogbo wa ṣe ń pè é nìyẹn? Ó kọ ọ́ sínú ìwé bẹ́ẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ gé irin, ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé, gbé fóònù, ó ṣírò rẹ̀: 1219. Ló bá gé e sí 1219!

Ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé, ọkùnrin mẹ́rin ló ń tì í, wọ́n ń kígbe "ó kù díẹ̀, ó kù díẹ̀". Ìyá ọkọ mi jókòó sórí ìtìsẹ̀, wọ́n ní ṣé wọn ò lè fi epo pupa pa á lára kó yọ̀ wọlé ni. Títú ni wọ́n tú u, wọ́n gé irin, wọ́n gé gíláàsì. Ọpẹ́lọpẹ́ pé gíláàsì lásán ni, wọ́n ní ká ní ti onína ni, èyí tí wọ́n fi iná mú le, kò ṣeé gé mọ́, fífọ́ ló máa fọ́ túútúú.

Kọ́lápọ̀
Ọmọ yẹn ò jẹ̀bi. Ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin, 1219 ni. Ẹ̀yin lẹ parọ́ fún un.

Mọlará Ọ̀tà
Irọ́ kẹ̀! Ta ló ń pe 1219 ní gbogbo Ọ̀tà?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Ìwé ló pa ọmọ yẹn. Ká ní kò lọ ilé ìwé ni, 1200 ni ì bá gé.

Ọ̀gá Wíńdò Ṣàgámù
Kọ́lápọ̀ ò purọ́. Ẹsẹ̀ bàtà kan jẹ́ 304.8. Mẹ́fà jẹ́ 1829, kì í ṣe 1800. Bíríkìlà ń sọ ẹsẹ̀, àwa ń gé mílímítà, onílé wà láàárín bí ògbufọ̀ tí kò gbọ́ èdè kankan. Àmọ́ ọ̀gá ọmọ náà jẹ̀bi, kì í ṣe ọmọ. Èmi ò kì í gba ìwọ̀n lẹ́nu oníbàárà, ẹsẹ̀ mi gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀.

Mọlará Ọ̀tà
Ẹ ṣeun, ọ̀gá. Kọ́lápọ̀, o gbọ́?

Kọ́lápọ̀
Mo gbọ́. 1219 ni síbẹ̀.

Dèjì Peckham
Lọ́dọ̀ wa ní Lọ́ńdọ̀nù, ìta la ti ń wọ̀n ọ́n, láti bíríkì sí bíríkì. Ìdí ni pé ìrẹ́lé inú máa ń bo ara férémù àtijọ́, ẹni tó bá wọn inú nìkan á ṣe wíńdò tó kéré. Mo ti ṣe é rí. Ìyá àgbà Òyìnbó kan wo àyè tó ṣẹ́ kù, ó ní ṣé ológbò òun ni mo ṣe ìyẹn fún ni.

Bàbá Rìsíkà
Ẹ̀gbọ́n Dèjì, ilé tí ò tíì ní wíńdò rí là ń sọ. Férémù àtijọ́ wo?

Dèjì Peckham
Ẹ má bínú, ìtàn ni wọ́n ní ká sọ.

Alhaji Kékeré
Ọ̀pọ̀ téèpù ọjà yìí ò dáa. Èyí tí mo rà, irin ẹnu rẹ̀ ń mì jẹ̀gẹ̀jẹ̀gẹ̀. Mo fi òòlù gbá a títí tó fi dúró gbọin.

Ọ̀gá Wíńdò Ṣàgámù
Háà, Alhaji! Ẹ ti ba téèpù jẹ́. Mímì tó ń mì yẹn, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́ ẹ bá fi kọ́ etí pákó, irin yẹn á yọ síta díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá tì í mọ́ ògiri, á sún wọlé díẹ̀, ìwọ̀n bó ṣe nípọn gan-an. Òun ni kì í jẹ́ kí ìwọ̀n inú àti ti ìta ta ko ara wọn.

Alhaji Kékeré
Láti ọdún wo?

Ọmọ Ẹ̀gbá
Alhaji, fèrèsé mélòó lẹ ti wọ̀n látìgbà tẹ́ ẹ ti gbá a?

Alhaji Kékeré
Ẹ jẹ́ ká fìyẹn sílẹ̀.

Tèmi Ni Mo Mọ̀
Mo wọn tèmi re o, ó wọlé wẹ́rẹ́. Casement ni, èyí tó ń ṣí síta. Mo ti gbàgbé pé wẹ́dà ti jó irin bọ́gúlárì mọ́ ìta. Títí dòní, ó ń ṣí tó ìbú ọwọ́ mi kan, á gbá irin, á dúró.

Ṣẹ́gun Ọmọ Alágbàáà
Ìdí tí mo fi ń ṣe sliding, èyí tá a ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, nìyẹn.

Tèmi Ni Mo Mọ̀
Sliding tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣí láéláé? Owó odidi lẹ san, atẹ́gùn ààbọ̀ lẹ rà.

Ṣẹ́gun Ọmọ Alágbàáà
Ààbọ̀ mi pọ̀ ju ìbú ọwọ́ yín lọ.

Ìyá Ìbejì Moniya
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà sọ́dọ̀ mi. Mo lọ wọ̀n ọ́n fúnra mi láàárọ̀ yìí, ti yàrá àwọn ọmọ. Òkè 1172, àárín 1168, ìsàlẹ̀ 1160. Wíńdò tí wọ́n gbé wá, 1190. Ẹni tó ṣe é ti gbà pé òun á gé wọn, ó ní kí n san owó ọkọ̀ tó máa kó wọn padà. Bíríkìlà ní kò burú, òun lè fi ṣísẹ́ẹ̀lì ha ìrẹ́lé kúrò fún un.

Ọ̀gá Wíńdò Ṣàgámù
Ẹ má jẹ́ kó ha nǹkan kan! Búlọ́ọ̀kù máa yọjú, òjò á máa gba ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ẹ san owó ọkọ̀.

Kọ́lápọ̀
Ohun tó ń yà mí lẹ́nu ni ti ilé ìwẹ̀ yẹn. Báwo ni ìyẹn ṣe wọlé?

Ìyá Ìbejì Moniya
Mo ti ń rò ó láti àárọ̀. Ìgbà tí mo pe bíríkìlà ló rán mi létí. Ibẹ̀ là ń kó sìmẹ́ǹtì sí, òun ló fi tètè rẹ́ ibẹ̀ ṣáájú gbogbo ilé. Ó ti gbẹ kí wọ́n tó wá wọ̀n ọ́n.

Bàbá Rìsíkà
Mo ní ẹjọ́ ti parí láti àná.