Ọmọ ajá wa bì, aràn jáde: ṣé ewu wà fún ọmọ mi?

Ìyá Mofẹ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ajá wa bímọ lóṣù tó kọjá. Ikùn àwọn ọmọ rẹ̀ wú, ara wọn sì rù. Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan bì, aràn funfun gígùn jáde, ó ń ta pọ́nkán. Ọmọ mi ọlọ́dún 2 ń bá wọn ṣeré nínú iyanrìn, ó sì máa ń bu iyanrìn sẹ́nu. Ìyá ọkọ mi ní kí a da ajá náà nù. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, àyà mi ń já.

Bàbá Wálé: Omi ewúro ni kí ẹ fún wọn mu. Òun la bá lọ́wọ́ àwọn bàbá wa.

Dókítà Ẹran: Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká fi ewúro sílẹ̀ fún ọmọ ajá tó ṣì ń mu ọmú. Ìyá Mofẹ́, ẹ má da ajá nù. Láti inú ìyá wọn ni aràn yẹn ti wọ̀ wọ́n lára kí ó tó bí wọn. Òmíràn sì ń gba inú ọmú wọlé. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ọmọ ajá lóògùn aràn ní ọ̀sẹ̀ 2, 4, 6 àti 8, lẹ́yìn náà lóṣooṣù títí yóò fi pé oṣù 6. Ìyá wọn náà gbọ́dọ̀ lò ó. Ìwọ̀n ara la fi ń mọ iye oògùn, nítorí náà ẹ kó gbogbo wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Bí Ìbàdàn lẹ bá wà, ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì. Èyí tí erìgì rẹ̀ bá funfun, ẹ má jẹ́ kó di ọ̀la, irú aràn mìíràn ti ń mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Iyanrìn yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹyin aràn gígùn yìí kì í lè ranni lọ́jọ́ tí ajá bá yàgbẹ́. Ó ń lò tó ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 nínú ilẹ̀ kó tó lè ranni, ó sì lè wà níbẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ẹ máa fi ṣọ́bìrì kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́. Ẹ wá ibòmíràn fọ́mọ ṣeré, kẹ́ ẹ sì máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ rẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Ẹ wọ bàtà fún un pẹ̀lú o. Ọmọ àbúrò mi rìn láìwọ bàtà níbi tí ajá ń yàgbẹ́ sí, ilà pupa kan ń wọ́ kiri lábẹ́ awọ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń yún un tí kò lè sùn.

Dókítà Ẹran: Òótọ́ ni, mà. Irú aràn kejì yẹn, èyí tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ajá, ló ń gba awọ ẹsẹ̀ wọlé bẹ́ẹ̀.

Ìyá Mofẹ́: Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé kí n gbé ìgbẹ́ ọmọ lọ fún àyẹ̀wò?

Dókítà Ẹran: Ọmọ fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbé lọ sọ́sibítù. Aràn gígùn tó wá láti ara ajá kì í dàgbà nínú ìfun èèyàn, kò ní hàn nínú ìgbẹ́. Ẹ̀dọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tàbí ojú ló máa ń lọ. Ẹ sọ fún dókítà pé ó ń jẹ iyanrìn níbi tí ajá wà, kí wọ́n lè yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.