Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá mi ti gan: ṣé kí n tún un ṣe ni, àbí kí n ra tòkunbọ̀?

Àkọ́bí Ọlọ́kọ̀, Apáta

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó ti fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti àbúrò mi.

Lọ́dún 1986, bàbá wa ra ọkọ̀ ojú omi kan lọ́wọ́ òyìnbó tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 32. Fáíbà ni ara rẹ̀, pákó ni òkè rẹ̀, yàrá kékeré kan sì wà níwájú tí èèyàn mẹ́rin lè sùn sí. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n máa ń so ó sí. Láàárọ̀ Sátidé, a ó gba Ìdí-Ayùnrẹ́, a ó gba Màmu dé Ìjẹ̀bú-Òde, kí oòrùn tó mú a ti dé etí omi. Tí bàbá bá ti ṣáná sí ẹ́ńjìnnì tán, wọ́n á mú ọwọ́ mi, wọ́n á gbé e lé pákó tó bò ó, wọ́n á ní, "Fi ọwọ́ gbọ́ ọ." Mo ṣì mọ bó ṣe máa ń gbọ̀n lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi títí dòní.

Ó ti pé ọdún 11 tí bàbá ti papò dà. Láti ìgbà náà, ọkọ̀ ò kúrò lórí igi tí wọ́n gbé e lé. Oṣù tó kọjá la yọ ẹ́ńjìnnì rẹ̀, tí mo fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wálé. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà báyìí, mo fi tapólì bò ó.

Perkins 4.236 ni, onísílíńdà mẹ́rin, dísẹ́ẹ̀lì ló ń mu. Kò yí. Mo fi sípánà sí bóòtù iwájú kíráńkì, mo ki páìpù bọ sípánà kó lè gùn, mo gbé gbogbo ara mi lé e, kò mì. Ibi tí èéfín ń gbà jáde, tí omi máa ń yí ká, ti dípẹtà débi pé bí mo ṣe ń yọ ọ́ ni ìpẹtà ń já bọ́ pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ bí èèpo igi. Ihò kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí àtàǹpàkò mi wọ̀ dé ìdí. Pọ́ǹpù tó ń fa omi ọ̀sà náà, mẹ́ta nínú ewé rọ́bà inú rẹ̀ ti kán, mi ò sì rí wọn níbẹ̀. Jíà rẹ̀, Borg-Warner ni, mi ò tíì fọwọ́ kàn án.

Mẹkáníìkì kan tí mo pè gba owó àyẹ̀wò lọ́wọ́ mi. Kò tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo. Ó wò ó lóòró, ó ní ó ti nọ́kù, kí n tà á fún àwọn tó ń ra irin kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù. Ó dùn mí gan-an. Àbúrò mi ní ká lọ ra Perkins tòkunbọ̀ l'Ékòó. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní ká kúkú ra ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tí wọ́n ń so mọ́ ìdí ọkọ̀, ká sinmi. Èmi fẹ́ tún ti bàbá ṣe, àmọ́ mi ò fẹ́ kó jẹ́ pé ìfẹ́ tí mo ní sí bàbá ni yóò jẹ owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Kí lẹ rí sí i?

Ọmọ Ìlàjẹ

Ẹ kú ìrántí bàbá. Ẹ gbàgbé ti ẹ́ńjìnnì ìdí ọkọ̀ yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ẹ́ńjìnnì inú, àárín rẹ̀ nísàlẹ̀ ni ẹrù ń gbé. Tẹ́ ẹ bá yọ ẹrù yẹn kúrò, tẹ́ ẹ wá so òmíràn mọ́ ìdí rẹ̀, ìdí á rì, imú á gbé sókè, ibi tẹ́ ẹ sì fẹ́ so ó mọ́, wọn ò ṣe é fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún gbé pẹtiróòlù sínú ọkọ̀ tó ní yàrá, ooru epo á máa sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, ibẹ̀ ló máa sá pamọ́ sí títí iná fi máa kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Kẹ́ ẹ tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹ́ńjìnnì, ẹ mú òòlù kékeré lọ Ẹ̀pẹ́, kẹ́ ẹ máa fi kan ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tó bá dún ko, ó dáa. Ibi tó bá dún bí igbá tó ti sán, omi ti wọ ibẹ̀. Ẹ wo igi gbọọrọ méjì tí ẹ́ńjìnnì máa ń jókòó lé dáadáa. Fáíbà kì í jẹrà, igi tí wọ́n fi fáíbà bò ló ń jẹrà látinú, òde rẹ̀ á sì máa dán. Ẹ lu ihò kékeré sí i, kẹ́ ẹ wo ohun tí ẹnu dírììlì gbé jáde. Tó bá jẹ́ lẹ́búlẹ́bú igi gbígbẹ, ẹ dúpẹ́. Tó bá jẹ́ ẹrẹ̀ dúdú, ibẹ̀ lowó máa kọ́kọ́ lọ.

Ìyá Ìbejì, Òkè-Àdó

Àbúrò mi, ogún ni ọkọ̀ yẹn o. Tó o bá dá owó ná sí i, ọjọ́ tó bá rìn ni gbogbo ọmọ bàbá máa rántí pé àwọn ní ín. Ẹ jókòó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí kálukú fọwọ́ sí i. Ojú mi ti rí i lórí ilé ìyá mi.

Alàgbà Mọ́níyà

Ọmọ mi, ọdún 34 ni mo fi tún tirakítọ̀ ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì lo mẹ́rin nínú rẹ̀ nídìí ọkọ̀ ìpẹja ní Àgbádárìgì. Ẹ́ńjìnnì tó ò ń wí yìí, òun náà ló wà nínú Massey Ferguson 265. Písítìn, ríǹgì, sílíìfù, bẹ́áríǹgì, Aráròmí ní Gate níbí ni kó o ti kọ́kọ́ wá wọn, má tíì forí lé Èkó. Wo ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù, wàá rí nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sí i. Tó bá fi LD bẹ̀rẹ̀, òun gan-an ni. Kọ gbogbo nọ́ńbà náà sínú ìwé, kó o mú un lọ sọ́jà.

Ẹni tó ní ó ti nọ́kù ò wò ó. Ẹ́ńjìnnì tó nọ́kù, ẹnu iṣẹ́ ló ti ń kú: ọ́ìlì á tán, bẹ́áríǹgì á yọ́ mọ́ kíráńkì. Ti bàbá rẹ ń ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi pa iná rẹ̀, ó kàn jókòó ni. Ìpẹtà ló di ríǹgì mú. Yọ nọ́sù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó ń fọ́n dísẹ́ẹ̀lì sí sílíńdà. Po dísẹ́ẹ̀lì mọ́ ọ́ìlì pupa tí wọ́n ń dà sí jíà ọlọ́tòmátíìkì, kí méjèèjì dọ́gba, fi sírínjì fà á sí sílíńdà kọ̀ọ̀kan. Láràárọ̀, dán an wò síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀. Má fi agídí ṣe é. Má sì fi kíkí-sítátà yí i, torí ọ́ìlì tó wà lórí písítìn ò ṣe é fún pọ̀ bí afẹ́fẹ́. Kọnrọ́ọ̀dù, irin tó so písítìn mọ́ kíráńkì, ló máa tẹ̀.

Tó bá yí, ṣí i, kó o gbé kíráńkì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lọ̀ ọ́, kí wọ́n wọ̀n ọ́n lójú rẹ. Tó bá jẹ́ tẹ́ẹ̀nì tàbí tọ́ńtì ni wọ́n máa lọ̀, ìyẹn mẹ́wàá tàbí ogún nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ínṣì, tún un ṣe. Tó bá ti kọjá tátì, ìyẹn ọgbọ̀n, wá òmíràn.

Bí èmi ṣe máa ń pinnu nìyí: ibi tí ọ́ìlì ń gbà, mo máa ń tún un ṣe, ibi tí omi iyọ̀ ń gbà, mo máa ń ra tuntun. Omi Ẹ̀pẹ́ ò fi bẹ́ẹ̀ níyọ̀, àmọ́ tí bàbá rẹ bá máa ń wà á dé ọ̀nà Èkó nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ ló jẹ ibi èéfín yẹn. Má jẹ́ kí wẹ́dà kankan lẹ̀ ẹ́. Ọjọ́ tó bá tún jò, inú sílíńdà ni omi máa wọ̀. Má sì fi ti tirakítọ̀ sí i, torí omi kì í yí i ká. Á gbóná janjan nínú yàrá ẹ́ńjìnnì, fáíbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ewé rọ́bà mẹ́ta tó ò rí, wọn ò pòórá o. Lọ ṣí ohun tí omi ọ̀sà fi ń tu omi ẹ́ńjìnnì lára, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n wà.

Ọmọ Ládípọ̀

Alàgbà, ẹ má bínú o, àgbà yín ò ní tán láé. Tòkunbọ̀, wọ́n á ṣáná sí i lójú yín, ẹ ó gbọ́ ohùn rẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó. Èyí tó wà lábẹ́ máńgòrò, ta ló mọ ohun tó wà nínú rẹ̀?

Alàgbà Mọ́níyà

Mi ò bínú, ọmọ mi. Àmọ́ inú jẹnẹrétọ̀ ni wọ́n ti ń yọ ọ̀pọ̀ Perkins tẹ́ ẹ̀ ń tà. Ìyípo 1500 ní ìṣẹ́jú kan, lójú kan náà, ló fi ń sá láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Ẹni tó rà á yóò ṣì ra ibi èéfín olómi, yóò ra pọ́ǹpù omi ọ̀sà, yóò wá ohun tó so ó mọ́ jíà ọkọ̀. Ó ti ra ẹ́ńjìnnì, kò tíì ní ẹ́ńjìnnì ọkọ̀.

Kàlíbrétọ̀ Ìwó Road

Ẹ̀gbọ́n, pọ́ǹpù dísẹ́ẹ̀lì yẹn, ilé-iṣẹ́ CAV ló ṣe é. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ti tirakítọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ torí pé ojú wọn jọra, bí wọ́n ṣe sẹ́ẹ̀tì wọn ò dọ́gba. Ẹ má yọ páálí irin kékeré tó wà lára rẹ̀, òun la fi ń mọ bó ṣe yẹ ká sẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn rọ́bà inú rẹ̀ á ti gan, ìyẹn ò le.

Àkọ́bí Ọlọ́kọ̀, Apáta

Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Ọjọ́ méjìlá ti kọjá. Alàgbà, LD ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ keje, mo tẹ sípánà, ó sì lọ, bí ìbú ìka kan péré. Mo dúró, mi ò lè sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa fi di ìrọ̀lẹ́, ó ti yí po.

A ti ṣí i. Sílíńdà kìíní, ìkejì àti ìkẹrin ń dán. Ìkẹta ló ní òrùka ìpẹtà níbi tí ríǹgì jókòó sí, mo fi èékánná họ ọ́, ó kọ́ mi léèékánná. Ihò ibi èéfín yẹn ló kọjú sí i. Wọ́n máa fi sílíìfù tuntun síbẹ̀. Kíráńkì, tẹ́ẹ̀nì ni. Ewé rọ́bà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbi tí ẹ wí gan-an, wọ́n tò sára wọn lẹ́nu àwọn páìpù wẹ́wẹ́ inú rẹ̀. Lóòótọ́, bàbá máa ń wà á dé Tarkwa Bay, lẹ́nu òkun Èkó, ní Oṣù Kejìlá. Ọ́ìlì jíà ṣì pupa, kò funfun bíi wàrà, nítorí náà mi ò ní tú u.

Ìyá Ìbejì, a ti jókòó, a ti kọ ọ́ sílẹ̀. Àbúrò mi ló máa ra ibi èéfín àti pọ́ǹpù, èmi ni mo ni iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì. Òun náà ló mú òòlù lọ Ẹ̀pẹ́. Ara ọkọ̀ dún dáadáa, àmọ́ igi òsì tí ẹ́ńjìnnì ń jókòó lé gbé ẹrẹ̀ dúdú jáde. Ọmọ Ìlàjẹ, ṣé ẹ mọ káfíńtà tó ń ṣe fáíbà lágbègbè yẹn?

Ọmọ Ìlàjẹ

Mo mọ ọ̀kan, iṣẹ́ rẹ̀ mọ́. Kẹ́ ẹ tó jẹ́ kó gé igi yẹn kúrò, ẹ wọn gíga rẹ̀ àti bó ṣe jìnnà sí ọ̀pá tó ń yí pùròpẹ́là, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri ọkọ̀. Tí tuntun bá ga jù tàbí tó rẹlẹ̀ díẹ̀ péré, ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá ò ní wà lójú ìlà kan, jíà tẹ́ ẹ sọ pé ẹ ò ní tú yẹn ló sì máa jìyà rẹ̀. Sátidé ńkọ́? Màá wà ní Ẹ̀pẹ́.