Báwo lẹ ṣe ń mú ọ̀rá kúrò lára idẹ .308 lẹ́yìn tí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán?

Ọdẹ Texas
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ. Ọ̀rá lanolin tí a pò mọ́ spírítì isopropyl 99% ni mo fi ń tẹ idẹ .308 (èèpo ọta ìbọn tí a ti yìn, tí a fẹ́ tún lò) padà sí ìwọ̀n rẹ̀. Inú dáì (irin tí a fi ń tẹ̀ ẹ́) ń lọ geere, lẹ́yìn rẹ̀ ni wàhálà wà. Bí mo bá fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó ṣì ń yọ̀ lọ́wọ́, ẹ̀tù sì ń lẹ̀ mọ́ inú ọrùn rẹ̀. Àwọn kan ní kòtò kékeré léjìká. Mo wá fi citric acid (ásíìdì ọsàn) kún omi náà, ni idẹ bá pọ́n bíi bàbà. Níbo ló ti ń wọ́? Tí ọ̀rá tó kù kò bá ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ, ṣé mo lè fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀?

Alágbẹ̀dẹ Katy
Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dáhùn èyí tó kẹ́yìn, òun ló lè ṣe èèyàn léṣe. Ẹ má fi sílẹ̀. Bí ìbọn bá dún, agbára ẹ̀tù á fẹ idẹ títí ara rẹ̀ á fi di ògiri chamber (ihò tí ọta ń wà nínú ìbọn) mú, dídì yẹn ló ń gba díẹ̀ nínú ìtì tí ì bá já lé bọ́ọ̀tì (irin tó ń ti ẹ̀yìn ọta pa) lórí. Bí ọ̀rá bá wà láàárín wọn, idẹ ò ní rí nǹkan dì mú, á yọ̀ sẹ́yìn, bọ́ọ̀tì àti eyín tó dì í mú nìkan ló máa ru ẹrù náà. Práímà (ohun kékeré nídìí idẹ tó ń tanná ran ẹ̀tù) á tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ ó sì máa rò pé ẹ̀tù lẹ rọ jù.

Ti inú ọrùn tún burú lọ́nà míì: ọ̀rá lè wọ inú ẹ̀tù àti práímà, kí ọta pẹ́ kó tó dún tàbí kó má dún rárá.

Kòtò èjìká, ọ̀rá àpọ̀jù ni. Ọ̀rá kì í sún kì. Bí dáì bá ti bo idẹ mọ́lẹ̀, ọ̀rá tó kó jọ sí èjìká ò ní ibi tó máa gbà jáde, idẹ ló máa fàyè gbà á. Ẹ fi ọ̀rá sí ikùn idẹ, kó kan fẹ́rẹ̀ẹ́ kan inú ẹnu, kó má dé èjìká. Ẹ tún yẹ ihò afẹ́fẹ́ tó wà lára dáì wò, ó sábà máa ń dí. Kòtò fẹ́ẹ́rẹ́ á nà padà tí ẹ bá yìn ín. Èyí tó bá ní ìlà mímú tàbí tó ti sán, ẹ jù ú nù.

Ìyá Ọdẹ Atlanta
Àbúrò, omi kì í yọ́ lanolin. Ọ̀rá ara irun àgùntàn ni, bí epo pupa lọ́wọ́ ẹni ló rí: o lè bu omi sí i títí, ńṣe ló máa tàn ká. Ohun tó yọ́ ọ nígbà tí o pò ó náà ni kí o fi yọ ọ́, ìyẹn isopropyl, 91% tàbí 99%. Má lo 70%, omi inú rẹ̀ ti pọ̀ jù fún iṣẹ́ yìí.

Kó nǹkan bí 100 idẹ sínú ike tó ní ìdérí, práímà àtijọ́ ti gbọ́dọ̀ kúrò lára wọn. Bu isopropyl nǹkan bí ife kan sí i, dé e, máa yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí o sì dà á nù. Bu tuntun sí i, tún un ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn ló ṣe pàtàkì, torí pé ọ̀rá tó ti yọ́ ti wà nínú ti àkọ́kọ́, tó bá gbẹ sára idẹ, ibi tó ti kúrò náà ló padà sí. Tẹ́ wọn sórí aṣọ ìnura, kí ẹnu wọn dojú kọlẹ̀. Ìta ni kó o ti ṣe é, iná kankan ò gbọdọ̀ sí nítòsí, sìgá pàápàá. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ pátápátá kí práímà tó wọlé.

Akin Maryland
Kì í ṣe pé omi ò lè ṣe é rárá o. Tumbler olómi (ẹ̀rọ tó ń yí idẹ po nínú omi) tó ní abẹ́rẹ́ irin máa ń ṣí lanolin kúrò, torí pé abẹ́rẹ́ ń ha á, ọṣẹ ń gbé e lọ. Rírẹ sínú bàsíà lásán ni kò ṣiṣẹ́. Ìwọ̀n tó dáa: abẹ́rẹ́ pọ́n-ùn 5, omi gálọ́ọ̀nù 1, ọṣẹ ìfọ-abọ́ ṣíbí ọbẹ̀ 1, citric acid ìdá mẹ́rin ṣíbí tíì, wákàtí kan. Ẹ wá fi omi mímọ́ ṣan án títí kò ní hó mọ́, kí ẹ sì gbọn abẹ́rẹ́ jáde nínú ọrùn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Pípọ́n yẹn, citric acid ló pọ̀ jù tàbí kí idẹ ti pẹ́ jù nínú rẹ̀. Bàbà 70% àti síǹkì 30% ni idẹ ọta. Ásíìdì ń ṣí síǹkì kúrò lójú rẹ̀, bàbà á wá hàn síta. Bó bá jẹ́ ojú lásán, ẹ lè lò ó, ṣùgbọ́n ẹ má tún un ṣe.

Ìpara ìdán-idẹ tó ní amóníà ni kí ẹ sá fún jù. Amóníà ń jẹ́ kí idẹ tó ti gba ìtẹ̀ sán fúnra rẹ̀. Ọta àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ní Íńdíà sán báyìí nígbà òjò, torí pé ilé ẹṣin ni wọ́n kó o sí, amóníà sì ń jáde látinú ìtọ̀ ẹṣin. Ọdún 1921 ni Moore, Beckinsale àti Mallinson tẹ àlàyé rẹ̀ jáde.

Ọdẹ Texas
Ẹ ṣeun gan-an. Ṣé mo lè fi ófùn gbẹ ẹ́?

Akin Maryland
200°F, kó má jù bẹ́ẹ̀ lọ, kó má sì jẹ́ ófùn tí ẹ fi ń se oúnjẹ, nítorí òjé tó wà nínú èérí práímà. Ìdí idẹ gbọ́dọ̀ le, tí iná bá rọ̀ ọ́, ẹ má lò ó mọ́. Oòrùn Texas yín yẹn náà tó.

Alágbẹ̀dẹ Katy
Ẹni tí kò bá fẹ́ omi, ṣùkù àgbàdo lílọ̀ nínú tumbler gbígbẹ, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan. Ìwọ̀n wóró 20/40 ni kí ẹ rà. 14/20 máa ń há sínú ihò iná tó wà nídìí idẹ, ẹ ó sì máa fi abẹ́rẹ́ tú u lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìdérí ìgò kan mineral spirits (epo ìyọ́-ọ̀dà) àti pépà ìnuwọ́ tí ẹ ya wẹ́wẹ́ á gba eruku. Ìta ni kí ẹ ti ṣí i, òjé wà nínú eruku náà. Tí ṣùkù bá ti ń lẹ̀ mọ́ra, ó ti mu ọ̀rá yó, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Dele Dallas
Gbogbo ẹ̀rọ yìí fún 20 ọta ìgbẹ́? Imperial wax (ọ̀rá líle ìtẹ̀-idẹ), ìka méjì, fẹ́ẹ́rẹ́. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tán, àkísà tí ẹ fi mineral spirits díẹ̀ rẹ, ẹ nù ún, ó parí. Àpọ̀jù ọ̀rá níbẹ̀rẹ̀ ló ń bí iṣẹ́ lẹ́yìn.

Ìyá Ọdẹ Atlanta
Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àkísà ò dé inú ọrùn. Ki òwú orí igi sínú mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wọn, yí i. Tó bá jáde pẹ̀lú ọ̀rá, o ò tíì ṣe tán. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o wá wọn gígùn: 2.015 ínǹṣì ni òpin fún .308, gé e sí 2.005. Ìtẹ̀ máa ń na idẹ.

Ẹ̀yin tó ń kà á láti ilé, òfin ìbọn Nàìjíríà ò fàyè gba ṣíṣe ọta nílé o.

Ọdẹ Texas
Ó kù kan: àwọn tí mo ti rọ ẹ̀tù sí, tí ọta ti wà lórí wọn, tí ara wọn ṣì ń yọ̀ ńkọ́?

Alágbẹ̀dẹ Katy
Ẹ má kó wọn sínú tumbler, ẹ má sì rì wọ́n sínú nǹkan kan. Àkísà tó kàn ní isopropyl fẹ́ẹ́rẹ́, ẹ nu ikùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kó má dé práímà àti ẹnu. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ̀tù ti lẹ̀ mọ́ inú ọrùn rẹ̀, fífọwọ́nù ò lè tún un ṣe mọ́, ẹ yọ ọta jáde, kí ẹ tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀.