Ọwọ́ kò lè tẹ kíbọọ̀dù mọ́: ètò wo ló máa ń gbọ́ ohùn kọ̀wé dáadáa?

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́: Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń wá ìmọ̀ràn fún. Rọpárọsẹ̀ ti mú ọwọ́ ọ̀tún wọn, òsì nìkan ni wọ́n fi ń tẹ kíbọọ̀dù, ó sì tètè máa ń rẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn já gaara. Laptop wọn jẹ́ Windows 11, RAM 8GB. Fóònù wọn jẹ́ Android. Lẹ́tà àti ìwé ìpàdé ni wọ́n ń kọ jù, Gẹ̀ẹ́sì àti Yorùbá. Data kì í fìgbà gbogbo wà. Kí ni kí a fi sí i?

Akọ̀wé_Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á tún ara wọn ṣe. Ohun méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Ọ̀kan ni kí ọ̀rọ̀ ẹnu di kíkọ. Ìkejì ni kí èèyàn máa fi ẹnu pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Bí lẹ́tà bá tilẹ̀ kọ ara rẹ̀ tán, ta ni yóò ṣí fáìlì, ta ni yóò tẹ Save? Bọ́tìnnì Windows pẹ̀lú H ń ṣe èkíní nìkan, kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Voice Access ń ṣe méjèèjì, ó sì ti wà nínú Windows 11 láti ẹ̀dà 22H2, ọ̀fẹ́ ni.

Ẹ lọ sí Settings, Accessibility, Speech, kí ẹ tan Voice access. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa fẹ́ data, láti gba èdè wálé; lẹ́yìn náà, kò nílò íntánẹ́ẹ̀tì mọ́. Níbẹ̀ náà lẹ ó ti rí ibi tí ẹ ti lè ní kí ó máa bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀ bí wọ́n bá ti tan laptop.

Àṣẹ tí kí wọ́n kọ́kọ́ há sórí kò pọ̀. "Show numbers" máa lẹ nọ́ńbà mọ́ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀, wọ́n á wá ní "click 7". Bí ibi kan kò bá gba nọ́ńbà, "show grid" máa pín ojú kọ̀ǹpútà sí àpótí 9, wọ́n á máa pe nọ́ńbà títí yóò fi dé ibi tí wọ́n fẹ́ gan-an. "Scratch that" máa pa gbólóhùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ rẹ́. "Voice access sleep", tó ń ní kí ó dẹ́kun gbígbọ́, ṣe pàtàkì gan-an: bí àlejò bá wọlé tó ní "ẹ kú ilé" tí wọn kò tíì sọ ọ́, ìkíni náà á di Gẹ̀ẹ́sì tí kò nítumọ̀ láàárín lẹ́tà.

Máìkì_Ló_Ń_Ṣiṣẹ́: Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ máìkì inú laptop ló máa ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́. Ó jìnnà sí ẹnu, ó sì ń gbọ́ fáànù àti jẹnẹrétọ̀ bó ṣe ń gbọ́ ohùn. Ẹ ra headset oníwáyà tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ USB. Ẹ gbé máìkì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu, bí ìbú ìka méjì sí igun ètè. Ẹ má gbé e síwájú ẹnu gan-an, torí èémí tó ń bá "p" Gẹ̀ẹ́sì jáde á máa lù ú, ètò náà á sì máa ka ariwo yẹn sí ọ̀rọ̀.

Ẹ má ra ti Bluetooth fún iṣẹ́ yìí. Bí máìkì rẹ̀ bá ti tàn, ọ̀pọ̀ wọn máa ń bọ́ sí ipò ìpè fóònù, ohùn á sì fún pinpin.

Kí wọ́n má máa sọ ọ̀rọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ètò náà ń fi ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ èyí tí kò dá a lójú. Kí wọ́n ro gbólóhùn náà tán nínú ọkàn, kí wọ́n sọ ọ́ títí dé òpin, kí wọ́n tó dákẹ́.

Ọmọ_Èkìtì: Ti Yorùbá ńkọ́? Voice Access kò gbọ́ ọ.

Àmì_Orí_Ọ̀rọ̀: Fóònù ni kí wọ́n lò fún ìyẹn. Nínú ètò Gboard, ìyẹn kíbọọ̀dù Google, ẹ fi Yorùbá kún èdè, kí ẹ sì wọ Voice typing láti yan Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú. Èdè kíbọọ̀dù yàtọ̀ sí èdè ohùn, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ tan data. Kí wọ́n sọ ọ́ sínú Google Docs lórí fóònù, ìwé kan náà ni wọn yóò ṣí lórí laptop.

Ohun tí kí ẹ fi ojú sí ni àmì ohùn. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí àmì bá bọ́ lára wọn, kò sí ẹni tí yóò mọ̀ bóyá ìyàwó ń dúró de ọkọ rẹ̀ tàbí ó ń dúró de mọ́tò. Ìwé ìpàdé tó máa dọ́wọ́ ìjọ tàbí ẹgbẹ́, kí ẹnì kan bá wọn kà á.

Orúkọ èèyàn àti àdírẹ́sì tó ń padà wá lójoojúmọ́, ẹ má fi wọ́n sílẹ̀ fún ohùn. Voice Access ní voice shortcuts: ẹ yan Paste text, ẹ kọ orúkọ náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àmì pípé, kí ẹ fún un ní gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì kúkúrú. Bí wọ́n bá ti sọ gbólóhùn yẹn, orúkọ náà á jáde bó ti yẹ. Bí àmì ẹ́ tàbí ọ́ bá ń sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, font, ìyẹn irú ìrísí lẹ́tà, ni. Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń mọ lẹ́tà, kò ní ẹyọ kan ṣoṣo fún un, ńṣe la gbé àmì lé ẹ. Ẹ lo Noto Sans tàbí Charis SIL.

Ọmọ_Èkìtì: Dragon, ètò ohùn-di-kíkọ tí wọ́n ń tà, ńkọ́?

Akọ̀wé_Àgbà: Ó dára fún agbẹjọ́rò àti dókítà tó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ púpọ̀ láti kọ́ ọ, àmọ́ owó rẹ̀ ga, kò sì gbọ́ Yorùbá. Lẹ́tà àti ìwé ìpàdé kò gba ìnáwó yẹn. Whisper, ètò OpenAI tó ń sọ ohùn di kíkọ, náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀dà small rẹ̀ fún whisper.cpp (ètò tó ń jẹ́ kí Whisper ṣiṣẹ́ lórí laptop) kò ju nǹkan bí 466MB lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ láìsí data. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ló dára fún, ní Gẹ̀ẹ́sì. Kò lè tẹ bọ́tìnnì fún wọn. Bí ibi ìdákẹ́jẹ́ bá gùn nínú ohùn náà, ó lè hùmọ̀ ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Yorùbá rẹ̀ kò ṣeé gbára lé.

Àbẹ̀kẹ́_Ọ̀yọ́: Ẹ ṣeun gan-an. Èwo ni kí n kọ́kọ́ náwó sí?

Máìkì_Ló_Ń_Ṣiṣẹ́: Headset nìkan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lo Voice Access fún ìṣẹ́jú 15 lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pẹ̀lú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, torí ọ̀fun náà máa ń rẹ̀ bí ọwọ́. Bí ohùn wọn bá ti ń há, kí wọ́n dá a dúró di ọjọ́ kejì.