Àbọ̀: ọ̀pá gígùn fún ìkòkò tábà àtijọ́

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ará. Mo béèrè ohun tí a lè fi rọ́pò ọ̀pá gígùn tó sọnù lára ìkòkò tábà alámọ̀. Ọparun ló jẹ́ ẹ, a sì ń rí i nítòsí Ìlọrin níbí. Kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó sì ti gbẹ dáadáa lábẹ́ ibòòji. Èyí tó tutù máa ń súnkì bó bá yá, á wá máa mì lẹ́nu ìkòkò. Sípóòkù kẹ̀kẹ́ tí a fi iná sun pupa la fi ń lu oríkèé inú rẹ̀. Ẹ fi irin mílímítà 4 fẹ ihò náà díẹ̀díẹ̀, kó má baà là.

Òwú tí a wé mọ́ ìdí rẹ̀ dì í mú ṣinṣin. Ìda oyin ò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́: kò ju nǹkan bí ìwọ̀n 63 sẹ́ńtígíréèdì lọ tó fi ń yọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lo páìpù oníke rárá, èéfín rẹ̀ léwu.

Ẹnu tí eyín ń gé jẹ ló kù. Rọ́bà dúdú líle ni mò ń wá síbẹ̀.