Ìmọ̀ràn ní kíákíá: yunifásítì wo ni kí n lọ fún Másítáàsì nínú Zoology?

Ọmọ Mọ̀pà
Okun o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ lọ ka Másítáàsì nínú Zoology, ìyẹn ẹ̀kọ́ nípa ẹranko, n kò sì mọ yunifásítì tí ǹ bá mú. Ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò ti fọ́ọ̀mù ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó fẹ́ bá mi san owó rẹ̀ sì ní kí n mú orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo wá kí ilẹ̀ ọ̀la tó ṣú, nítorí pé òun kò ní ra fọ́ọ̀mù méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí.

Olùkọ́ Ìyàrà
Àbúrò, o kú ìgbìyànjú, ṣùgbọ́n ohun tí o sọ kò tíì tó ẹni tó fẹ́ ràn ọ́ lọ́wọ́. O kò sọ irú èsì tí o fi jáde, o kò sì sọ ẹ̀ka tó wù ọ́. Ẹni tó ń wá aràn nínú ìfun ẹja, ẹni tó ń sin ẹ̀fọn nínú àwọ̀n, ẹni tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran ìgbẹ́ àti ẹni tó ń yẹ àbùdá wò, abẹ́ orúkọ kan náà ni gbogbo wọn wà. Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Ìlọrin ní ẹ̀ka tó ń jẹ́ Zoology gan-an. Àwọn mìíràn fi í sábẹ́ Biology, tàbí kí wọ́n pè é ní ẹ̀kọ́ nípa ẹranko àti àyíká. Bí ó bá jẹ́ èmi ni, n kò ní kọ́kọ́ béèrè orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ rárá. Ohun tí màá béèrè ni pé ta ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe irú iṣẹ́ tí mo fẹ́ ṣe, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀, àti pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo ló ti ọwọ́ rẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí.

Ará Ẹ̀gbẹ̀
Ìlọrin ni. Kí wọ́n tó dá Kogi sílẹ̀ ní 1991, Kwara ni àwa ń jẹ́, agbo ilé tí kò ní ẹbí ní Ìlọrin ní Ìyàgbà kò sì wọ́pọ̀ títí dòní. Wọ ọkọ̀ ní Ẹ̀gbẹ̀, gba Èrúkù àti Òmù-Àrán, o ti dé. Ta lo fẹ́ bá gbé ní Ìbàdàn?

Ìyá Ìbejì Kábbà
N kò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ tí mo lọ, nítorí pé ìwé-ẹ̀rí mi ṣì wà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí gbọ́ ohun tó wà níwájú kó tó ná owó olówó. Aràn inú ẹja àrọ̀ ni mo ṣiṣẹ́ lé lórí. Ìdájí ni mo máa ń dé etí odò, kí àwọn alájàpá tó kó ẹja tán lọ́wọ́ àwọn apẹja, owó ara mi ni mo sì fi ń rà á. Màá tò ó sínú kúlà oníyìnyín, màá gbé e wọ ọkọ̀, èrò yóò sì máa bú mi nítorí omi tó ń kán sí wọn lẹ́sẹ̀. Bí mo bá dé yàrá ìwádìí, màá la ikùn ẹja, màá tú ìfun rẹ̀ sínú àwo tó ní omi iyọ̀, màá sì máa fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gbá aràn jọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn nínú wọn tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ, ojú a sì máa ro ni kí iṣẹ́ ẹja kan tó parí.

Gbogbo rẹ̀ wà nínú fìrísà ẹ̀ka wa nígbà tí ìsinmi Iléyá dé. Iná lọ, jẹnẹrétọ̀ wà ṣùgbọ́n kò sí epo, ẹni tó yẹ kó fọwọ́ sí owó epo sì ti lọ sílé ọdún. Orí àtẹ̀gùn ni òórùn ti pàdé wa nígbà tí a padà dé. Kí n tó sunkún tán, alábòójútó mi ti gba ìsinmi olọ́dún kan lọ sí òkè òkun, ẹni tí wọ́n sì fi mí lé lọ́wọ́ sọ pé aràn kì í ṣe iṣẹ́ òun, kí n wá àkòrí mìíràn. Ẹ má tan ọmọ ọlọ́mọ.

Ọmọ Ọba Ìsánlú
Ẹ kú ọ̀rọ̀ náà, Ìyá Ìbejì. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ wo ni? Bí ẹ kò bá dárúkọ rẹ̀, gbogbo wọn lẹ bà jẹ́ yẹn.

Baba Ìjùmú
Mo bá a kẹ́dùn, síbẹ̀ kí a sọ òótọ́. Kí fìrísà tó dé Nàìjíríà ni àwọn onímọ̀ ẹranko ti ń tọ́jú ohun tí wọ́n bá mú sínú fọ́málíìnì, tí kò sì bàjẹ́. Iná kọ́ ló ba iṣẹ́ náà jẹ́, bí kò ṣe àìkọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dáadáa.

Ìyá Ìbejì Kábbà
Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, DNA aràn náà, ìyẹn ohun tó gbé àbùdá rẹ̀, ni mo fẹ́ yọ. Fọ́málíìnì a máa ba DNA jẹ́, ẹni tó bá sì ti fi aràn sínú rẹ̀ kò lè rí nǹkan gidi yọ níbẹ̀ mọ́.

Baba Ìjùmú
Ọtí líle ethanol ń kọ́? Èyí tó bá tó 95 nínú ọgọ́rùn-ún a máa pa DNA mọ́, kò sì nílò iná NEPA.

Ìyá Ìbejì Kábbà
Ta ni yóò rà á? Èmi náà? Lẹ́yìn ẹja, yìnyín àti owó ọkọ̀?

Ọmọ Ọba Ìsánlú
Ẹ wò ó, èyí tí ẹ ń sọ yìí kéré sí ti ìyanṣẹ́lódì. Láti 14 Fẹ́búárì sí 14 Ọ̀kitóbà 2022 ni àwọn olùkọ́ yunifásítì fi wà nílé. Ẹni tó ń bọ́ ẹ̀fọn tàbí ẹja fún ìwádìí lákòókò náà, ta ló bá a ṣí ilẹ̀kùn?

Ará Ẹ̀gbẹ̀
Ìdí nìyẹn tí mo fi ní Ìlọrin. Wọn kì í bá wọn yanṣẹ́ lódì.

Olùkọ́ Ìyàrà
Ìyẹn ti di ìtàn, ẹ̀gbọ́n. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìlọrin kò fi bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú ti 2022 náà. Ẹ má fi ohun àná gba ọmọ nímọ̀ràn.

Alájé Ọ̀pọ̀
Kí ni ènìyàn fẹ́ fi ìwé ẹranko ṣe lóde òní? Àbúrò, gba owó yẹn lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, kí o fi gbẹ́ adágún, kí o ra ọmọ ẹja àrọ̀ sí i. Kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ tó kọ orí kìíní ìwé wọn tán, ìwọ ti ń tajà.

Ọmọ Ọba Ìsánlú
Ta ló béèrè ọ̀rọ̀ adágún?

Alájé Ọ̀pọ̀
Ẹni tó bá gbọ́n ni yóò béèrè.

Apẹja Lọ́kọ́ja
Ẹ̀yin ń wo ọ̀nà jíjìn nígbà tí odò Ọya àti Bẹ́núé pàdé nínú ìpínlẹ̀ yín. Láti 2011 ni yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Lọ́kọ́ja. Kí ọmọ náà kọ́kọ́ pè wọ́n, kó mọ̀ bóyá wọ́n ń gba ẹni tó fẹ́ ṣe irú Másítáàsì yìí lọ́dún yìí. Bí ẹja bá ni ọ̀ràn rẹ̀, kó mọ̀ pẹ̀lú pé ibùdó ìwádìí ẹja omi tútù ti ìjọba àpapọ̀ wà ní New Bussa, lẹ́bàá adágún Kainji, ibikíbi tó bá sì ti ń kàwé, ó lè kọ lẹ́tà sí wọn.

Àgbà Akẹ́kọ̀ọ́ Ìbàdàn
Bí PhD bá wà lọ́kàn rẹ, ronú nípa Ìbàdàn, kí o sì mọ òfin wọn: ẹni tí kò bá gba 60 nínú ọgọ́rùn-ún ní Másítáàsì kì í wọ PhD tààrà. Ọgbà ẹranko tó wà níbẹ̀, ìtìlẹ́yìn fún ẹ̀ka Zoology ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1948, kó tó di ọgbà ẹranko ní kíkún ní 1974. Ìwé àgùnbánirọ̀ kò ṣeé fò, àwọn mẹ́ta tí yóò sì jẹ́rìí sí ọ gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tó ń dáhùn ìméèlì.

Tẹ̀mítọ́pẹ́ Ògìdì
Ifẹ̀ náà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé nípa ẹranko àti ewéko, àwọn ẹranko tí wọ́n ti tọ́jú pamọ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi wéra. Kò sí ẹni tó mẹ́nu kàn án.

Ọmọ Mọ̀pà
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín o. Second class lower ni mo fi jáde, amùkúrù tó ń jẹ àwọn ará oko létí odò ni mo sì fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí, nítorí àrùn tó ń ti ara rẹ̀ fọ́ ènìyàn lójú. Ó yẹ kí n ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti fún ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní orúkọ Ifẹ̀. Ọ̀rẹ́ tí a jọ sìnrú ìlú wà níbẹ̀, ó sì ní àyè kan ṣì wà nínú yàrá òun.

Ará Ẹ̀gbẹ̀
Nítorí yàrá?

Olùkọ́ Ìyàrà
Amùkúrù kúkú dára, iṣẹ́ wà níbẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n ta lo rí ní Ifẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀? Lọ wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lálẹ́ òní, kí o sì kọ ìméèlì sí i kí owó tó jáde. Transcript rẹ, ìwé tó to gbogbo máàkì rẹ, ńkọ́, ṣé yunifásítì tí o ti jáde ti fi ránṣẹ́?

Ọmọ Mọ̀pà
Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n béèrè fún transcript kí wọ́n tó gbà mí ni?