Síìlì páǹpù epo gbígbóná ń bàjẹ́ nígbàkígbà tí a bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ padà

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, mo kí yín o. Ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí a ti ń fọ epo àdín ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń tọ́jú ẹ̀rọ. Bí a bá dá iṣẹ́ dúró láti fọ inú páìpù, tí a sì tún bẹ̀rẹ̀ padà, síìlì (ohun tó ń dí ibi tí ọ̀pá páǹpù ti jáde kí epo má baà jò) tó wà lára páǹpù tí ó ń fa epo gbígbóná kì í lò ju wákàtí 3 lọ kí ó tó máa jò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó ti ṣẹlẹ̀ báyìí.

Nígbà tí mo tú èyí tó bàjẹ́ kẹ́yìn, ojú rẹ̀ ti sán wẹ́wẹ́ bí ìkòkò amọ̀ tí iná pa, ẹ̀gbẹ́ kan sì ti dúdú. Bí epo bá ti kọjá 100°C, páǹpù náà á máa ké bí ẹni pé òkúta wẹ́wẹ́ ń yí nínú rẹ̀, ọwọ́ gééjì á sì máa gbọ̀n. Bí ó bá tó ogún ìṣẹ́jú, ariwo náà á dáwọ́ dúró, ṣùgbọ́n síìlì ti lọ.

Mo ti to páǹpù àti mọ́tò kí wọ́n lè bára mu, mo fọ asẹ́ ẹnu rẹ̀, mo sì tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Omi tí a fi fọ páìpù ni mo fura sí, nítorí pé ó lè máa hó di ooru bí epo gbígbóná bá bá a, àmọ́ mo ṣí gbogbo fáàfù ìsàlẹ̀, omi kò kán.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ dájú, kí n tó mú epo gbóná kọjá 100°C, pé omi kò farapamọ́ síbì kankan nínú páìpù?